Fífi Ọwọ́ Kọ́ Ọmọdé ní Ìrísí Nǹkan

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin òbí wa ní Al Nahda, ì báà ṣe ti Dubai tàbí ti Sharjah tó bá a pààlà, jẹ́lé-ó-sinmi á kọ́ ọmọ yín ní orúkọ ìrísí lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ti Yorùbá ńkọ́? Bí a kò bá pè é fún un, èdè wa á mọ sórí ìkíni lásán.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1907 ni Maria Montessori ṣí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìlú Róòmù. Àwọn ọmọ ibẹ̀ a máa fi ìka tọ etí pákó kí wọ́n tó kì í bọ ihò tó bá a mu.

Nílé, ẹ gbé ọmọrí ìkòkò àti páálí tíì sórí bébà, kí ẹ fa ilà yí wọn ká. Kí ọmọ dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sáyè rẹ̀. Bó ti ń gbé e, ẹ pè é: òbìrìkítí, onígun mẹ́rin. Tó bá mọ méjèèjì, ẹ gé bébà onígun mẹ́rin láti igun dé igun: onígun mẹ́ta dé nìyẹn. Bó bá ṣì í, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó fìka ka igun rẹ̀.

Èyí tí kì í kó nǹkan sẹ́nu mọ́ lè ṣa owó: dírámù 1 rí róbótó, 50 fils ní igun 7.