Òdòdó Tí Kì Í Ní Irúgbìn: Bí Àwọn Ará Edo Ṣe Tọ́jú Asagao

Orúkọ òdòdó yìí ló kọ́kọ́ fà wá mọ́ ọn. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ wá, ọ̀rọ̀ orúkọ kì í kọjá lára wa bẹ́ẹ̀. Asagao ni àwọn ará Jàpáànì ń pè é. Asa ni òwúrọ̀. Kao, tó di gao nínú orúkọ yìí, ni ojú. Ojú òwúrọ̀. Ìtàkùn ni, ó máa ń lọ́ mọ́ ọ̀pá tàbí okùn, òdòdó rẹ̀ sì rí bí ẹnu àrọ tí a fi ń rọ epo. Ó máa ń là kí ilẹ̀ tó mọ́. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti rọ, kò sì ní là mọ́. Èyí tí ẹ bá rí lọ́la, òmíràn ni.

Ẹ má rò pé àjèjì pátápátá ni. Ọ̀dùnkún tí à ń jẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ànàmọ́, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni. Àlùkerésé tó máa ń fà lórí ọgbà káàkiri náà wà nínú ẹbí yìí. Ẹni tó bá ti rí òdòdó ọ̀dùnkún rí, ó ti mọ bí ojú asagao ṣe rí.

Láti Ṣáínà ló ti dé Jàpáànì, láàárín ọdún 710 sí 794, àsìkò tí wọ́n ń pè ní ìgbà Nara. Oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ máa ń fọ inú. (Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò o! Ó máa ń ṣeni ní jàǹbá.) Àwọ̀ aró nìkan ni òdòdó rẹ̀ ní nígbà náà. Wọ́n ń sọ ìtàn kan nípa Sen no Rikyū, ọ̀gá nínú ètò mímu tíì, ẹni tó kú ní 1591. Asagao ọgbà rẹ̀ lókìkí débi pé Hideyoshi, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà, fẹ́ wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tó dé, kò bá ẹyọ kan nínú ọgbà. Rikyū ti gé gbogbo wọn. Ìgbà tó wọ yàrá tíì ló rí ẹyọ kan ṣoṣo tó kù. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀, àwa fẹ́ràn ìtàn náà.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Edo. Edo yìí kì í ṣe ti Ọba Bìní. Orúkọ tí Tokyo ń jẹ́ títí di 1868 ni. Ní 1806, iná ńlá kan jó apá púpọ̀ nínú ìlú náà, ilẹ̀ òfìfo sì pọ̀ ní agbègbè Shitaya. Àwọn tó ń gbin òdòdó tà ya bo ibẹ̀, wọ́n sì gbin asagao. Ìtàkùn tó ń tètè dàgbà ni, kò sì fẹ́ ilẹ̀ púpọ̀, ìkòkò kan ti tó o. Àwọn jagunjagun onípò kékeré náà dá sí i. Ogun ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, ìrẹsì tí wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ wọn kò sì gbọ́ bùkátà. Ẹni tó fi idà há ìbàdí wá ń bomi rin òdòdó láàárọ̀ kó lè rí i tà. Àdúgbò Okachimachi ní Tokyo ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn títí dòní.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yípadà. Asagao bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní oríṣiríṣi ìrísí tí ẹnìkan kò rí rí: òmíràn ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, òmíràn òdòdó rẹ̀ ya wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, òmíràn sì ní òdòdó nínú òdòdó. Àwọn ènìyàn ń du èyí tó bá ṣàjèjì jù. Wọ́n ń ṣe ìdíje, wọ́n sì ń tẹ ìwé tó ń to òdòdó ní ipò-ipò bí wọ́n ti ń to àwọn oníjàkadì. Ìwé kan jáde ní 1854 tó ya àwòrán 36 nínú àwọn tó dára jù.

Ìṣòro kan wà ṣá. Àwọn tó rẹwà jù yẹn, àgàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun akọ àti ohun abo tó yẹ kó wà láàárín òdòdó ti di ewé òdòdó, nítorí náà wọn kì í so. Bẹ́ẹ̀ asagao kì í lò ju ọdún kan lọ kó tó kú. Báwo ni ohun tí kò bímọ, tó sì ń kú lọ́dọọdún, ṣe tún máa ń padà wá?

Àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú. Bí wọ́n bá gbin irúgbìn tó ti ara ìtàkùn kan wá, díẹ̀ nínú wọn ló máa jáde bí àràmàǹdà, àwọn tó kù á sì rí bí asagao lásán. Ṣùgbọ́n nínú àwọn lásán yìí ni àwọn kan wà tí wọ́n gbé àràmàǹdà náà pamọ́ sínú ara. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n ní láti ká irúgbìn ìtàkùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ sí i, kí wọ́n gbìn ín lọ́dún kejì, kí wọ́n tó mọ èyí tó gbé e. Bí ó bá jẹ́ àmì kan péré ni, nínú ọmọ mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan fi hàn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ó lè di ẹyọ kan nínú 64. Láti ìgbà tí ewé àkọ́yọ bá ti ń jáde ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n. Kí ẹ sì rántí pé ọdún 1866 ni Mendel tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀wà jáde. Àwọn jagunjagun wa kò mọ jíìnì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó mú wa rántí àwọn ìyá tí kò lókìkí kankan, tó jẹ́ pé ẹnu wọn ni oríkì ilé wà.

Àlàyé sáyẹ́ǹsì dé lẹ́yìn náà. Nínú asagao, àwọn ègé DNA kan wà tí wọ́n máa ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Tí wọ́n bá bọ́ sáàárín jíìnì, wọ́n á ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Barbara McClintock ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, nínú àgbàdo, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1983.

Fún àwọn tó bá fẹ́ gbìn ín: èèpo irúgbìn rẹ̀ le, ẹ fi fáìlì ha á díẹ̀, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì. Ẹ fi ọ̀pá mẹ́ta yí ìkòkò ká, kí ẹ so òrùka mọ́ wọn kó lè rí ibi gùn. Ajílẹ̀ àpọ̀jù á sọ ọ́ di ewé ṣákálá. Òru ló ń kà: irú kan wà nínú rẹ̀ tí òru gígùn kan ṣoṣo ti tó láti mú un tanná.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ebi pa Jàpáànì, oúnjẹ ni wọ́n gbìn sínú gbogbo ọgbà. Ọ̀dùnkún ni wọ́n gbìn jù, kódà níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Mọ̀lẹ́bí lé mọ̀lẹ́bí kúrò nílé. Ẹ rò ó wò: ohun tó jẹ́ pé bí ẹ bá pa ọdún mélòó kan jẹ, irúgbìn á kú, ìran rẹ̀ á sì tán. Ìwọ̀nba àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni kò jẹ́ kó parun. Yunifásítì Kyushu ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀ irúgbìn náà lónìí. Àwọn ìbátan méjèèjì sì ti rẹ́ padà, nítorí ọ̀dùnkún kì í fẹ́ tanná ní ọ̀pọ̀ ibi ní Jàpáànì. Bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ mú irú tuntun jáde, wọ́n á gé orí ọ̀dùnkún, wọ́n á so ó mọ́ ìdí asagao, á sì tanná.

Ní 1948, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ogun, ọjà asagao tún padà sí Iriya ní Tokyo, ó sì ń wáyé ní ọjọ́ 6 sí 8 oṣù keje. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní máa ń gbin tiwọn sínú ìkòkò, wọ́n á máa ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Tó bá gbẹ, wọ́n á ká irúgbìn rẹ̀. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí àwọn ọmọ tuntun bá wọlé, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á dì í sínú àpò ìwé kékeré, wọ́n á sì fún wọn.