Ayé ń Pòòyì, Ayé ń Yí Oòrùn Ká

Bí ìdánwò àṣekágbá JSS3 bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ilé lẹ́sìn Agbowó àti Bódìjà máa ń kún fọ́fọ́. Nínú Basic Science, apá tó ń da ọ̀pọ̀ ọmọ láàmú ni ti ayé àti gbalasa òfurufú: rotation àti revolution, ohun tó fa ọ̀sán àti òru, oríṣi àpáta mẹ́ta. Ọmọ á há gbogbo rẹ̀ sórí. Bí o bá ní kó ṣàlàyé, ohun tó há náà ni yóò tún kà fún ọ. N kò gbà pé ọpọlọ ọmọ ló kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́ ọ ni kò fi nǹkan kan hàn án.

Ẹ wo rotation àti revolution. Bí a bá pe méjèèjì ní "yíyí", a kò tíì ṣe ọmọ lóore. Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí wọn kò jọra rárá. Ohun tó ń yí lórí ara rẹ̀ ń pòòyì, bí òkòtó tí ọmọdé ta sílẹ̀. Ohun tó ń rìn yípo nǹkan mìíràn ń yí i ká. Ayé ń pòòyì, wákàtí 24 ló fi ń ṣe é, òun ló fún wa ní ọ̀sán àti òru. Ayé ń yí oòrùn ká, ọjọ́ 365 àti nǹkan bí wákàtí 6 ló fi ń ṣe é, òun ló fún wa ní ọdún. Ìpòòyì ayé nìyẹn, ìyíká ayé sì nìyí. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ báyìí kò ní fi ọ̀kan pe èkejì mọ́, ìbáà jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bi í ní ìdánwò.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí a máa gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Kí a kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí a wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó sọ ọ́, kí a tó sọ ọ̀rọ̀-ìṣe náà di orúkọ.

Ọ̀rọ̀ àpáta fi èyí hàn dáadáa. Àpáta kan wà tó ti yọ́ rí nínú ooru abẹ́ ilẹ̀, tó wá tutù, tó sì dì. Mo ní kí a pè é ní àpáta ayọ́dì. Àwọn òkè Ìdànrè jẹ́ irú rẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé yanrìn, ẹrẹ̀ àti ìkarawun ẹran omi ló rọ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, tí wọ́n ń gorí ara wọn títí wọ́n fi le koko. Ẹni tó bá ti da epo pupa tán nínú kẹ́ẹ̀gì mọ ohun tó ń kù nísàlẹ̀: àpáta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni kí a pe èyí. Òkúta tí wọ́n ń wà ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò wà lára wọn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ooru àti ìfúnpọ̀ abẹ́ ilẹ̀ yí padà láìjẹ́ pé ó yọ́. Àpáta aparadà nìyẹn, orí rẹ̀ ni Ìbàdàn sì wà. Irú rẹ̀ ni òkúta tó ṣe òkè Màpó àti Àrẹ̀mọ, irú rẹ̀ náà sì ni èyí tí ilà dúdú àti funfun tò lára rẹ̀, tí a máa ń rí káàkiri ìlú.

Àwọn tó ń gbẹ́ kàǹga mọ ìpele ilẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Wọ́n á kan ilẹ̀dú, wọ́n á kan ilẹ̀pa, wọ́n á kan àpáta tó ti ń rún, kí wọ́n tó kan ògidì àpáta. Ọ̀rọ̀ wọn ló yẹ kí olùkọ́ kọ sójú pátákó. Láti ibẹ̀ ni a ti lè sọ ìtàn erùpẹ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta: àpáta ń rún, àgbàrá ń gbé e, ìsàlẹ̀ omi ń kó o jọ. Èdè wa kò sì pa àgbàrá pọ̀ mọ́ omíyalé. Àgbàrá ni omi òjò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀. Omíyalé ni ti odò tó kún bo bèbè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ògùnpa ti ṣe ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó gbé ilé, ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ.

Ìgbà ọdún wá ńkọ́? Ìwé máa ń sọ nípa ìgbà mẹ́rin, èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ àwọn oníyìnyín. Ọmọ Ìbàdàn mọ òjò, ó mọ ẹ̀ẹ̀rùn, ó mọ ọyẹ́. Ohun kan náà ló wà nídìí gbogbo wọn: ayé kò dúró ṣánṣán, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìwọ̀n dìgírì 23.5. Bí kò bá fì ni, oòrùn kì bá tí kan àtàrí wa láéláé. Nítorí pé ó fì, oòrùn ń kan àtàrí ní Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ wọ̀nyí, bí aago kan ọ̀sán bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òpó tó bá dúró ṣánṣán kò ní ní òjìji. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àjà 26 rẹ̀, kò ní ta òjìji sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ jáde lọ wò ó. Àtàrí gan-an ni orúkọ tó yẹ ibi tí oòrùn wà nígbà náà lójú sánmọ̀, a kò ní láti wá òmíràn.

Ó yẹ kí a ya oríṣi ilẹ̀-mímì sọ́tọ̀ náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ohun abúgbàmù bú ní Bódìjà, ilẹ̀ mì dé àwọn àdúgbò tó jìnnà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó o pamọ́ síbẹ̀. Ilẹ̀ mì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmìtìtì ilẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìmìtìtì ilẹ̀ ni kí a fi sílẹ̀ fún ìgbà tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bá yẹ̀, bíi ti Accra ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939. Bíbélì àtijọ́ pè é ní ìṣẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ ni à ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ó níbi tí ó yẹ kí a ṣọ́ra. Òòfà ti di orúkọ ohun tó ń fa irin; bí a bá tún fi pe agbára tó ń fa ohun gbogbo wálẹ̀, ọmọ á rò pé irin nìkan ni ayé ń fà. Ìfàmọ́ra ni mo fara mọ́. Ní ti plánẹ́tì, kí ó máa jẹ́ plánẹ́tì. Àwọn oní-Swahili yá sayari lọ́wọ́ Lárúbáwá, sánmọ̀ tiwa náà sì ti ọ̀dọ̀ wọn wá, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ju àgùàlà nù. Àwọn kan ń pè é ní ajá oṣù nítorí pé ó máa ń bá oṣù rìn; plánẹ́tì ni, oòrùn ló ń yí ká bí ayé wa.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì kẹ́yìn. Pírámárì kẹfà ni ètò náà parí sí. Ìwé ọ̀rọ̀ Èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe olóòtú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ló wà fún. JSS ni ó ṣófo. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà kíkọ́ni ní èdè abínibí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022. Ó dùn mí. Síbẹ̀, kò sí òfin tó ní kí olùkọ́ lẹ́sìn má ṣàlàyé ní Yorùbá.

Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè, ẹ̀yin onímọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ní Yunifásítì Ìbàdàn, títì kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹnubodè yín àti Agbowó. Ẹ pe àwọn olùkọ́ lẹ́sìn, ẹ pe àwọn tó ń gbẹ́ kàǹga, kí ẹ jọ ṣe ìwé ọ̀rọ̀ kékeré kan fún àwọn ọmọ JSS, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dán àwọn ọmọ wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.