Ìtàn Ètò Ìpamọ́ Fáìlì Linux: Èwo Ló Ṣe é Fọkàn Tán?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbára òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná mànàmáná rí sí kọ̀ǹpútà. Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa kó ẹkún ìyàwó tó gbà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀ láti orí fóònù sórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tó ń lo Linux. Ó pa ti orí fóònù rẹ́ kí àyè lè wà. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà náà sì ti kú tipẹ́. Nígbà tí iná dé, inú àpò tí wọ́n ń pè ní lost+found la ti rí fáìlì náà. Kò lórúkọ mọ́, nọ́ńbà lásán ló ń jẹ́, díẹ̀ ló sì kù nínú rẹ̀. Ext2 ni ètò ìpamọ́ tó wà lórí dísìkì yẹn. Èwo ló wá yẹ ká máa lò nílé? Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn.

Ètò ìpamọ́ fáìlì dà bí alábòójútó ilé ìkàwé: òun ló mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà lórí dísìkì. Nígbà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, ètò Minix tí Andrew Tanenbaum ṣe ló kọ́kọ́ lò. Kò lè gbà ju mẹ́gábáìtì 64 lọ, orúkọ fáìlì kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 14 lọ. Ní 1992, Rémy Card ṣe ext. Ní 1993, ó ṣe ext2, èyí tó gbilẹ̀ gan-an.

Àmọ́ bí iná bá lọ nígbà tí ext2 ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ohun tó wà nínú ìwé atọ́ka rẹ̀ àti ohun tó wà lórí dísìkì lè má bára mu. Gbogbo dísìkì ni yóò yẹ̀ wò kó tó lè tún un ṣe. Ní 2001, ext3 tí Stephen Tweedie ṣe wọ inú Linux. Ó ń ṣe bí ìyá ọlọ́jà tó ń kọ àwìn sínú ìwé kó tó gbé ọjà fún oníbàárà: ó ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é. Bí iná bá lọ, ìwé yẹn ni yóò kà, kì í ṣe gbogbo dísìkì. Ọdún yẹn náà ni ReiserFS wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́ kúrò báyìí. Ètò tí kò lálátúnṣe kì í pẹ́.

Ext4 dé ní ìparí 2008. Ní 2009, àwọn kan figbe ta pé fáìlì àwọn di òfìfo lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà kú lójijì, torí pé ext4 máa ń fi kíkọ sórí dísìkì falẹ̀ díẹ̀. Theodore Ts'o ṣe àtúnṣe sí i. Btrfs, tí Chris Mason bẹ̀rẹ̀ ní Oracle ní 2007, kì í kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ó sì lè mọ̀ bí fáìlì bá ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹ̀dà kejì tó dáa, kò lè tún un ṣe. Fedora sọ ọ́ di àkọ́lò lórí kọ̀ǹpútà ilé ní 2020.

Fún kọ̀ǹpútà ilé tó ní dísìkì kan, ext4 la fọwọ́ sí: ó ti pẹ́, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ráyè kọ́ Btrfs lè lò ó. Síbẹ̀, kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè gba ohun tí kò tíì dé orí dísìkì là. Ẹ má pa ti orí fóònù rẹ́ títí ẹ ó fi ní ẹ̀dà méjì níbòmíràn.

Ìyá àgbà tún ẹkún náà sun fún ọ̀rẹ́ wa. Ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn mọ ìdí rẹ̀.