Ẹ̀sọ̀ àti Agbára: Ìtàn Mọ́tò Piezoelectric Tó Ń Rìn nínú Òfìfo

Nínú ìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ohun èlò tó fi ohun tuntun han ayé ló sábà máa ń gba oríyìn. Ẹ̀rọ kékeré tó gbé ohun tí à ń wò dé iwájú rẹ̀ kì í sábà ní ìtàn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò piezoelectric tó ń fi títa lójijì rìn. Ìmọ̀ tí wọ́n fi ṣe é ti wà nílẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó jáde. Ìnira iṣẹ́ inú òfìfo wà lára ohun tó mú un jáde.

Ní 1880, ní Paris, Jacques Curie àti àbúrò rẹ̀, Pierre, ṣàwárí pé bí a bá tẹ àwọn kírísítálì kan, irú bí quartz, tourmaline àti ṣúgà ìrèké, iná mànàmáná a máa hàn lójú wọn. Ní 1881, Gabriel Lippmann fi ìṣirò hàn pé òdìkejì rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀: bí a bá fi iná sí kírísítálì, ìwọ̀n rẹ̀ yóò yí padà. Lọ́dún náà gan-an ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí fi ìdánwò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìyípadà yìí kéré jọjọ. Fóòtì kan kò lè yí quartz padà ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún nánómítà lọ, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà ni nánómítà kan. Amọ̀ sísun PZT, tó gbòde láti àárín ọdún 1950 sí 1959, ju quartz lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìrìn rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ lọ.

Ní 1981, Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer, ní ilé ìwádìí IBM tó wà ní Rüschlikon lẹ́bàá Zürich, ṣe maikirosíkópù tí gbogbo ayé mọ̀ sí STM. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ló fi ń ka ojú ohun, láìjẹ́ kí ó kàn án. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó nánómítà kan. Ìṣòro wá di méjì. Piezo lè darí abẹ́rẹ́ nígbà tó bá ti dé tòsí, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ohun tí à ń wò la ọ̀pọ̀ mílímítà kọjá, tí yóò sì dúró kí ó tó forí sọ abẹ́rẹ́?

Òfìfo sọ ìbéèrè náà di líle. Bí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù nínú àpótí bá tilẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù ti ìta, ìdọ̀tí lè bo ojú irin tó mọ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ náà kúrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì yan àpótí náà nínú ooru tó ju 100°C lọ. Gírísì yóò di oru níbẹ̀. Mọ́tò olóòfà yóò gbóná, kò sì ní sí afẹ́fẹ́ tí yóò gbé ooru rẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́ nínú rẹ̀, ṣíṣí àpótí túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ti ṣòfò.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ní Rüschlikon ni ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi èdè Jámánì pè ní Laus, èyí tó túmọ̀ sí iná orí. Ara piezo rẹ̀ ń nà, ó ń sún kì. Iná mànàmáná ló sì ń mú kí àwọn ẹsẹ̀ náà di ilẹ̀ mú ní ìpààrọ̀. Ó rìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń béèrè ìdarí tirẹ̀.

Ní 1987, Dieter Pohl, òun náà ní ilé ìwádìí IBM ti Zürich, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún náà, K. Besocke ní Jülich, ní Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí STM tó ń lo ẹsẹ̀ piezo mẹ́ta. Ẹni tó bá rọra fa ẹní tí igbá wà lórí rẹ̀ yóò rí i pé igbá ń bá ẹní lọ. Bó bá já ẹní náà gbà lójijì, ẹní yóò yọ, igbá yóò sì kù síbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò Pohl ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìgbì iná tó rí bí eyín ayùn ni wọ́n ń fi sí piezo: ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹrù bá a lọ, ó já wálẹ̀ lójijì, piezo padà, ẹrù kò padà. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún, ìṣísẹ̀ táṣẹ́rẹ́ yóò di mílímítà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Nínú mọ́tò yìí, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ ní ipò tirẹ̀.

Ìyípadà èrò tó wà níbẹ̀ ṣe pàtàkì. Ìfarahara, ìyẹn bí ohun méjì tó fara kan ara ṣe ń di ara wọn mú, ni àwọn onímọ́tò ti ń fi gírísì bá jà láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbí, òun gan-an ló ń gbé ẹrù lọ, òun náà ló sì ń dì í mú nígbà tí a bá pa iná. Gírísì tí òfìfo kọ̀ kì í tún ṣe àdánù mọ́. Ọ̀nà yìí kò ṣàìní àléébù tirẹ̀: ìṣísẹ̀ àlọ kì í sábà dọ́gba pẹ̀lú ti àbọ̀, ojú tí ń ha ara wọn sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀rọ òde òní fi máa ń ní ohun tó ń wọn ibi tí ẹrù dé, dípò kíka ìṣísẹ̀ nìkan. Àwárí Paris fún mọ́tò yìí ní agbára; ìnira òfìfo ló fi ibi tí yóò ti wúlò hàn án.