Ìka Kò Dọ́gba: Ìtàn Oko Ilẹ̀ Gbígbẹ

Ní Igbó-Elérin níhìn-ín, àpọ̀jù òjò là ń ráhùn sí. Ṣùgbọ́n ní Yatenga, lápá àríwá Burkina Faso, ọ̀dá àwọn ọdún 1970 àti 1980 le débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ilé àti oko sílẹ̀.

Yacouba Sawadogo kò lọ. Ọdún 1946 ni wọ́n bí i, ilé-kéwú ní Mali ló sì lọ ní kékeré. Ó fi òwò sílẹ̀, ó padà sóko. Àwọn baba wọn ti ń gbẹ́ ihò kan tí à ń pè ní zaï. Òun gbẹ́ tirẹ̀ fẹ̀ sí i, ó sì jìn sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò gbẹ́ ẹ, yóò sì da ìgbẹ́ ẹran sínú rẹ̀. Ikán á wá a wá, wọn á lu ilẹ̀ náà, omi òjò á sì ráyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ọkà bàbà ṣe hù lórí ilẹ̀ tó ti le bí àpáta.

Ṣùgbọ́n zaï ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀, ó sì ń fẹ́ ẹran ọ̀sìn. Opó tí kò ní ewúrẹ́ kan ńkọ́? Níbi tí òkúta bá wà, tí aládùúgbò sì lè bá a rù ú, títò ó lẹ́sẹẹsẹ a máa dá omi dúró. Ní Niger, àwọn olùwádìí ICRISAT fi hàn pé ajílẹ̀ òyìnbó tó kún ìdérí ìgò kan tó fún ihò irúgbìn kan. Tálákà lè ra ìyẹn.

Sawadogo gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018, ó sì kú ní 2023. Ẹni tó bá fẹ́ ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ ka iye ọwọ́ tó wà nínú ilé, kó tó pín ọkọ́.