Ṣé ẹ fẹ́ kọ́lé? Ẹ wo oṣù tí owó máa tán kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀

Oṣù kejì ọdún 2023 ni mo bẹ̀rẹ̀ ilé oníyàrá méjì lọ́nà Ìkòròdú. Iye tó máa ná mi lápapọ̀ wà nínú ìwé mi. Èyí tí n kò kọ sílẹ̀ ni oṣù tí owó kọ̀ọ̀kan máa jáde. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún, wọ́n tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà, bí ilé mi ṣe dúró sórí lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Gbogbo òjò ọdún yẹn ló pa ògiri mi.

Ọ̀tọ̀ ni iye owó ilé, ọ̀tọ̀ ni bí owó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Quantity surveyor ló máa ń ṣírò ti àkọ́kọ́ láti inú plan: ògiri tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, máa ń gba bíi búlọ́ọ̀kù 10. Ìkejì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ lè ṣe é. Ẹ kọ oṣù, owó tó wọlé, owó tó jáde, àti èyí tó kù.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ẹ ní mílíọ̀nù 4 nílẹ̀, ẹ sì ń rí ₦300,000 fi kún un lóṣooṣù. Ní December, ìpìlẹ̀ gba mílíọ̀nù 2.2, ó ku 2.1. Ní January, ògiri gba 1.5, ó ku ₦900,000. February dé, òrùlé ń béèrè mílíọ̀nù 3, 1.2 péré ló wà lọ́wọ́ yín. Kí 3 tó pé, ó di August. Ẹ̀yin náà mọ bí òjò ṣe máa ń rí kó tó di ìgbà yẹn. Ká ní ẹ ti rí i nínú ìwé ṣáájú, ẹ̀ bá dúró di December tó tẹ̀ lé e.

Páànù gan-an lè ti wọ́n sí i kó tó di August. Ní February 2024, àpò sìmẹ́ǹtì kan kọjá ₦10,000 láwọn ibì kan, títí ìjọba fi pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, tí wọ́n fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Nítorí náà, mo máa ń béèrè iye ọjà lọ́tun lóṣooṣù, mo sì máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra gbogbo nǹkan sílẹ̀. Irin lè dúró bí òjò ò bá kàn án. Sìmẹ́ǹtì ò rí bẹ́ẹ̀ o! Tó bá ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta, pàápàá nígbà òjò, ó ti ń dì nínú àpò. Àpò mẹ́rìnlá tèmi ṣì wà lẹ́yìn ilé, wọ́n le bí òkúta, àwọn lébìrà ló ń jókòó lé wọn.