Ọtí Oyin Sir Kenelm Digby: Ìwé Ìdáná gẹ́gẹ́ bí Orísun Ìtàn

Àwa tí a ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ a máa wá ìtàn nínú oríkì àti nínú ẹsẹ Ifá. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lónìí ni pé ìwé ìdáná pàápàá jẹ́ orísun ìtàn. Ọtí oyin ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọlọ́lá àti onímọ̀ ni Sir Kenelm Digby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní 1665. Ní 1669 ni a tẹ àwọn ìlànà ìdáná tí ó ti kó jọ jáde, nínú ìwé tí a mọ̀ sí The Closet Opened. Ìlànà tí ó jẹ mọ́ ọtí oyin nínú rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Kì í ṣe òun ni ó ṣẹ̀dá gbogbo wọn. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni ó ti gba púpọ̀ nínú wọn, ó sì ń dárúkọ wọn. Ọ̀gbẹ́ni Webbe, ẹni tí ń ṣe ọtí oyin fún ọba, wà lára wọn.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? A ó po oyin mọ́ omi, a ó gbé e kaná, a ó sì máa bu ìdọ̀tí tí ó bá léfòó kúrò. Nígbà tí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó fi ìwúkàrà tí a bù lára ọtí bíà sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò nílé lónìí lè po ìwọ̀n oyin kan mọ́ ìwọ̀n omi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìkòkò kékeré kan tó fún un. Kí ó má ṣe dé e pa nígbà tí ó bá ṣì ń hó, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fọ́ ìgò.

Ṣùgbọ́n báwo ni àwọn ará ìgbà náà ṣe ń mọ̀ pé oyin ti tó? Ẹyin adìẹ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí oyin kò bá tó, ẹyin yóò rì; bí oyin ti ń pọ̀ sí i ni ẹyin yóò máa yọrí. Bí ibi tí ó yọ sókè bá fẹ̀ tó owó fàdákà kan, ó tó. Ní 1860, ọdún mọ́kànléláàádọ́wàá lẹ́yìn ìwé Digby, ni Louis Pasteur tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde tí ó fi hàn pé ohun abẹ̀mí ni ìwúkàrà tí ń sọ ṣúgà di ọtí. Ọwọ́ ti mọ iṣẹ́ náà kí àlàyé tó dé.

Ìmọ̀ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ó lè bá ẹni tí ó ni ín lọ. Nínú The Palm-Wine Drinkard, tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ, tí ó jáde ní 1952, adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ, ó sì kú. A kò rí ẹni tí ó lè dá ẹmu bíi tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gá rẹ̀ fi wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú rẹ̀. Digby kú, ọtí oyin rẹ̀ kò bá a kú, nítorí pé ó kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ tọ àwọn àgbà lọ fún oríkì, ẹ bi àwọn adẹ́mu àti àwọn ìyá tí ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí bàbà nípa iṣẹ́ wọn pẹ̀lú. Ẹ kọ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò àti àmì tí wọ́n ń wò sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè ni kí a ṣe é.